Hard drive tuntun 4TB: ó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà ilé kò rí i

Ayàwòrán_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Fọ́tò àti fídíò òde ni iṣẹ́ mi: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ. Fídíò ti kún inú kọ̀ǹpútà mi débi pé kò gba nǹkan kan mọ́, ni mo bá ra hard drive 4TB, irú ńlá íńṣì 3.5 tó ń wọ inú desktop. Inú ọ̀rá rẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí mo rà á. Òǹtajà sọ fún mi pé irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò nínú server (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń sin ọ̀pọ̀ ènìyàn) ni, pé ó máa ń tọ́jọ́. Ojú mi ló ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n máa ń ki hard drive bọ̀ lóòró, tó fi wáyà USB so ó mọ́ laptop rẹ̀. Ó yọ, 4TB pé, mo sanwó.

Mo délé, mo ṣí àpótí kọ̀ǹpútà, mo ki wáyà SATA (èyí tó ń gbé fáìlì láàárín hard drive àti kọ̀ǹpútà) àti wáyà iná bọ̀ ọ́, mo tan án. Windows 10 gbéra dáadáa láti orí SSD kékeré (irú ibi ìkófáìlì tí kò ní mọ́tò) tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n hard drive tuntun kò sí nínú This PC. Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Ìyàwó tuntun kan ń retí fídíò rẹ̀ lọ́wọ́ mi, n kò sì ní ibi tí mo máa kó o sí.

Alátùn-únṣe_Ìkẹjà

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá ayàwòrán. This PC kọ́ ni wọ́n ti ń wá hard drive tuntun. Èyí tí a kò bá tíì pín, tí a kò tíì fún ní lẹ́tà, kì í yọjú síbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ X, ẹ yan Disk Management. Tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ máa rí Not Initialized lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ìlà dúdú tí wọ́n kọ Unallocated sí. Àìsàn kọ́ nìyẹn, bí tuntun ṣe máa ń rí ni.

Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, kí ẹ máa tẹ Del tàbí F2 títí ẹ ó fi wọ BIOS, ojú ètò tí kọ̀ǹpútà ní kí Windows tó gbéra. Ẹ wo ibi tí wọ́n to àwọn ihò SATA sí. Ohun tí BIOS kò bá rí, Windows kò lè rí i. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá níbi méjèèjì fún wa, torí ibẹ̀ la ó ti mọ ọ̀nà tí a máa gbà.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀gá, tí ẹ bá ti wọ BIOS, ẹ yí SATA Mode (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá hard drive sọ̀rọ̀) kúrò ní AHCI tó jẹ́ ti ìgbàlódé sí IDE tó jẹ́ ti àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti ọ́fíìsì wa nígbà kan, ó sì yọ lójú ẹsẹ̀.

Alátùn-únṣe_Ìkẹjà

Ẹ má ṣe é, mo bẹ̀ yín. Windows tí wọ́n gbé sórí AHCI, tí a bá ṣàdédé yí i sí IDE, ó lè kọ̀ kó má gbéra mọ́. Ojú búlúù ni ẹ máa bá, pẹ̀lú INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE, wàhálà kan á di méjì. Ó jọ pé Windows XP ni ti ọ́fíìsì yín. XP kò mọ AHCI àfi tí wọ́n bá fún un ní driver rẹ̀ (ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ ẹ̀rọ lò), ìdí nìyẹn tí IDE fi gbà á sílẹ̀. Ti ọ̀gá yìí yàtọ̀.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

XP ni lóòótọ́. Ẹ ṣeun, ó yé mi.

Ayàwòrán_Bódìjà

Mo ti wo ibi méjèèjì. Kò sí nínú Disk Management. Nínú BIOS, SSD mi wà ní ihò kìíní, gbogbo ìyókù ni wọ́n kọ Empty sí. Mo gbé wáyà SATA tí SSD ń lò sí hard drive, mo sì gbé e lọ sí ihò mìíràn. Kò yí padà.

Àbúrò mi ní power supply (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) kan tí wáyà rẹ̀ ṣe é yọ tán pátápátá. Ṣé kí n yá wáyà iná rẹ̀ kí n fi sí tèmi? Tèmi náà ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀.

Ìyá_Wáyà

Rárá o! Ẹ dúró ná, ẹ má fi wáyà power supply kan sínú òmíràn láéláé. Orí tó wọ hard drive, bákan náà ló rí káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n orí tó wọ power supply fúnra rẹ̀, bó bá ṣe wu ẹni tó ṣe é ni yóò ṣe tò ó. Ó lè wọlé wẹ́kú kí fólítì 12 sì lọ bọ́ sójú ibi tí 5 yẹ kó wà. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá tan án báyìí, hard drive lọ nìyẹn, ó sì lè mú SSD yín dání. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi, ó sì máa ń dun ni torí fáìlì inú rẹ̀ kò ní ẹ̀dà níbòmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ gbé ọwọ́ lé hard drive náà pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì tẹ́tí. Tó bá ń yí, ẹ máa gbọ́ ọ, ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín. Tó bá ń yí tí BIOS kò sì rí i, wáyà SATA tàbí ihò la máa yẹ̀ wò. Tó bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ láìdáwọ́ dúró, nǹkan ti ṣe inú rẹ̀: ẹ pa á kíákíá, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ṣùgbọ́n tó bá dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀rọ̀ iná ni.

Ìbéèrè kan sí i: ṣé SSD pẹlẹbẹ M.2 wà lórí motherboard yín (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan so mọ́)? Ọ̀pọ̀ motherboard ló jẹ́ pé tí M.2 bá ti wọ ihò rẹ̀, ihò SATA kan tàbí méjì á kú, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Ìwé tó bá motherboard wá máa ń sọ ihò tó kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n béèrè tèmi níbí nítorí M.2 tí ẹ dárúkọ. Mo ra SSD M.2 fún laptop mi. Ó wọ ihò rẹ̀ wẹ́kú, mo dè é ní ìdè. BIOS kò rí i. Mo gbé e lọ sínú laptop ọ̀rẹ́ mi, ó rí i.

Ìyá_Wáyà

Àbúrò mi, wo ara SSD rẹ. Ṣé wọ́n kọ SATA sí i ni àbí NVMe? Ìrísí M.2 kan náà ni wọ́n jọ ń lò, àmọ́ èdè tí wọ́n ń sọ yàtọ̀. Ihò M.2 mìíràn gbọ́ méjèèjì, òmíràn gbọ́ NVMe nìkan, òmíràn SATA nìkan. Púpọ̀ nínú M.2 SATA ló ní ibi gígé méjì ní ẹnu, púpọ̀ nínú NVMe sì ní ẹyọ kan, ṣùgbọ́n má fi ibi gígé nìkan ṣèdájọ́, ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá orúkọ laptop rẹ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lórí ojú-ewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí o wo èyí tí ihò rẹ̀ gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

SATA ni wọ́n kọ sí i. Ojú-ewé ilé-iṣẹ́ sì sọ pé NVMe nìkan ni laptop mi gbà. Mo máa lọ pààrọ̀ rẹ̀ kí rìsíìtì mi tó pé ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi.

Ayàwòrán_Bódìjà

Ẹ kú sùúrù o. Kò sí M.2 lórí tèmi. Mo gbé ọwọ́ lé hard drive náà bí ẹ ṣe wí: ó dákẹ́ rọ́rọ́, kò gbọ̀n, kò gbóná. Mo gbé e padà lọ bá òǹtajà, inú mi kò dùn rárá. Ó tún kì í sórí ẹ̀rọ USB rẹ̀, ó yí, ó yọ, ó sì ní kí n kó fáìlì sí i kí n kà á padà. Gbogbo rẹ̀ pé. Ó wá bínú, ó ní kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́, pé òun kò ní gbà á padà. Mo délé, mo tún fi sí i, ó tún dákẹ́. Mo wá yọ wáyà iná tí SSD ń lò, mo fi sí i. Wáyà tí SSD ń lò láìsí wàhálà ni o! Kò jí. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ di ìjà láàárín èmi àti ọkùnrin yẹn.

Bàbá_Server

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ẹ má bá òǹtajà jà, kò purọ́ fún yín. Hard drive yín kò kú, kọ̀ǹpútà yín náà kò bàjẹ́. Iná tí ẹ ń fún un ló ń sọ fún un pé kó máa sùn.

Ẹ wo orí wáyà iná SATA. Eyín 15 ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, eyín 1, 2 àti 3 ni ti fólítì 3.3, 7, 8 àti 9 ni ti fólítì 5, 13, 14 àti 15 ni ti fólítì 12. Hard drive íńṣì 3.5 ń fi 12 yí mọ́tò rẹ̀, ó ń fi 5 gbọ́ bùkátà pátákó tó wà lábẹ́ rẹ̀. 3.3 yẹn ńkọ́? Hard drive irú yìí kì í sábà lò ó. Iná ń dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Ní 2016 ni àwọn tó ń ṣètò ìlànà SATA wá gbé ẹ̀dà 3.3 ìlànà náà jáde (iye yẹn àti iye fólítì kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni), wọ́n sì fún eyín 3 ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n pè ní Power Disable. Ẹ ro yàrá server tí hard drive kún inú rẹ̀ bámúbámú. Tí ọ̀kan bá ta kú, ẹni tó ń bójú tó o ì bá dìde lọ fi ọwọ́ yọ ọ́, kó tún kì í padà. Pẹ̀lú ìlànà tuntun yìí, server á rán iná sí eyín 3, hard drive náà á kú. Tó bá ká iná yẹn kúrò, á tún jí. Ohun tó dára ni fún àwọn tí wọ́n ṣe é fún.

Ṣùgbọ́n power supply àtijọ́ kò gbọ́ nípa ìlànà yìí. Fólítì 3.3 ló ń rán sí eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìgbà tí ẹ bá ti tan án títí tí ẹ ó fi pa á. Hard drive yín rí iná lórí eyín 3, ó gbà pé ọ̀gá òun ní kí òun má dìde. Ó ń gbọ́ràn ni. SSD yín kò ní ohun tó jọ Power Disable lára, ìdí nìyẹn tí wáyà kan náà kò fi ṣe é ní nǹkan.

Ẹ̀rọ USB ti ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Fólítì 12 ni adapter irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé wá, wọ́n á fa 5 yọ nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò gbé nǹkan kan dé eyín 3. Nítorí náà ló ṣe ń jí níbẹ̀ tó ń sùn nílé yín, ẹ̀yin méjèèjì sì ń sọ òótọ́.

Kí ẹ lè fojú ara yín rí i, ẹ wo àwọ̀ wáyà tó wọ orí iná SATA yín. Yẹ́lò ni 12, pupa ni 5, dúdú ni ground, ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Tí ẹ bá rí àwọ̀ ọsàn kan tó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú wọn, 3.3 nìyẹn. Ẹ tún wá nọ́ńbà hard drive yín nínú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ Power Disable tàbí PWDIS sí i. Àwọn tí wọ́n tú jáde láti inú àpótí external (irú tí wọ́n ń fi USB so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta) náà máa ń ní i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú.

Ayàwòrán_Bódìjà

Bàbá, àwọ̀ ọsàn wà níbẹ̀! Ìwé hard drive náà sì kọ Power Disable. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Kí ni mo máa ṣe báyìí? Ṣé kí n gé wáyà àwọ̀ ọsàn yẹn ni?

Ìyá_Wáyà

Ẹ má gé nǹkan kan. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lè ní ohun tó nílò rẹ̀, wáyà tí wọ́n bá sì gé sílẹ̀ láìbò lè kan irin àpótí.

Ọ̀nà tó rọrùn wà méjì. Èkíní, adapter Molex sí SATA. Molex ni orí funfun ńlá eléyín mẹ́rin tó wà lára power supply àtijọ́: yẹ́lò kan, pupa kan, dúdú méjì. Kò sí 3.3 níbẹ̀ rárá, nítorí náà eyín 3 kò ní rí iná. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra gidigidi níbi rírà rẹ̀. Irú kan wà tí wọ́n da ike bo gbogbo wáyà inú orí rẹ̀, tí ẹ kò lè rí bí wọ́n ṣe tò ó. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, wáyà máa ń súnmọ́ ara wọn jù lábẹ́ ike yẹn, wọ́n sì ti jóná mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré, iná gidi ni. Èyí tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ ṣe é ṣí, tí ẹ lè rí bí wọ́n ṣe tẹ wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ irin tirẹ̀, ni kí ẹ béèrè.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù: tépù. Ẹ lọ bá ẹnikẹ́ni tó ń tún fóònù ṣe, ẹ tọrọ tépù yẹ́lò tó ń fara da ooru, Kapton lorúkọ rẹ̀. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi bo eyín mẹ́ta àkọ́kọ́ lára hard drive náà fúnra rẹ̀. Èyí tó súnmọ́ ẹnu wáyà SATA kékeré ni eyín 1, láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kó má ṣe ká nígbà tí ẹ bá ń ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù lásán, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́ nínú ooru àpótí á sì máa lẹ̀ mọ́ eyín. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà lára ògiri.

Oníṣòwò_Tokunbo

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹni tó bá fẹ́ ra hard drive server. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ti SATA ní àlàfo láàárín ẹnu wáyà kékeré àti ẹnu wáyà iná. Tí ike bá dí àlàfo yẹn, SAS (irú ẹnu mìíràn tó jẹ́ ti server) ni, kọ̀ǹpútà ilé kò lè lò ó, kò sí tépù tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó gbọ́ SAS gbọ́ SATA, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ SATA kò gbọ́ SAS. Owó SAS tokunbo máa ń wálẹ̀ gan-an, ìyẹn ló ń fa ojú ènìyàn mọ́ra.

Ayàwòrán_Bódìjà

Ó JÍ O! Mo fi tépù bò ó bí Ìyá_Wáyà ṣe wí, mo tan án, mo gbọ́ bó ṣe ń gbéra. BIOS rí i, Disk Management rí i. Mo ti pe òǹtajà yẹn, mo tọrọ gáfárà, mo sì ka àlàyé Bàbá sí i létí. Ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé òun á máa sọ fún àwọn oníbàárà òun.

Windows wá ń bi mí: MBR tàbí GPT? Èwo ni kí n mú?

Alátùn-únṣe_Ìkẹjà

Ẹ kú oríire! GPT ni. Ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣàkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín hard drive ni méjèèjì. Nọ́ńbà bíìtì 32 ni MBR fi ń ka ẹ̀ka inú hard drive, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá sì jẹ́ báìtì 512, kò lè kà kọjá nǹkan bí 2.2TB. Tí ẹ bá mú un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó yín tí yóò wà níbẹ̀ tí ẹ kò ní lè lò. Lẹ́yìn GPT, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí ìlà dúdú yẹn, ẹ yan New Simple Volume, NTFS, kí ẹ fún un ní lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kó fídíò ẹnikẹ́ni sí i. Ẹ yọ àmì kúrò ní Quick Format kí Windows lè kọ̀wé gba gbogbo ojú rẹ̀ já. Ó máa gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí 4TB, nítorí náà ẹ ṣe é nígbà tí inverter yín bá kún, kí iná má lọ láàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ gba CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera hard drive wò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo Power On Hours: tuntun gidi kò gbọdọ̀ ní ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ẹ wo Reallocated Sectors Count àti Current Pending Sector Count, tí wọ́n ń ka ibi tó ti bàjẹ́ àti ibi tí wọ́n ń fura sí; òdo ló yẹ kí méjèèjì jẹ́. Ìwọ̀n tó wà lábẹ́ Raw Values ni kí ẹ kà, àfi kí ẹ rántí pé hex (ọ̀nà ìkà oní-mẹ́rìndínlógún) ló máa ń fi kọ ọ́ bí ẹ kò bá yí i padà.

Ayàwòrán_Bódìjà

Format ti parí ní òwúrọ̀ yìí. Wákàtí tó ti lò kò ju ti format yìí àti ìdánwò ṣọ́ọ̀bù lọ, òdo ni méjì yòókù. Ohun kan ló kù tí kò yé mi: 3.63TB ni Windows sọ. 4TB ni mo rà. Níbo ni ìyókù wà?

Bàbá_Server

Kò lọ síbì kankan. Báìtì 4,000,000,000,000 ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tà fún yín, ó sì pé. Windows ló ń fi 1,099,511,627,776 ka TB kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín àkọ́kọ́ sí èkejì lórí fóònù yín, 3.63 àti díẹ̀ ni ẹ máa rí.

Ayàwòrán_Bódìjà

Mo pín in, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo ti ń kó fídíò ìyàwó yẹn sí i báyìí, ẹ̀dà kejì sì ń lọ sórí external àbúrò mi. Kí Ọlọ́run bá mi san yín lóore, gbogbo yín pátá.